Kámẹ́rà Onífíìmù: Àpótí Òkùnkùn Tí Ó Ń Pa Ìmọ́lẹ̀ Mọ́



Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń péjọ láti kọ́ fọ́tò yíyà ní Fájuyì àti agbègbè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti mọ bí a ṣe ń fi fóònù ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé kámẹ́rà àtijọ́ kalẹ̀, ẹ máa ń béèrè pé: kí ni a tún fẹ́ fi èyí ṣe? Ìdáhùn wa ni pé àǹfààní méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní, yóò kọ́ yín láti wo ìmọ́lẹ̀ kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Èkejì, ẹni tí kò bá mọ ohun tí fíìmù jẹ́ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ da ẹ̀rí ìgbésí ayé àwọn òbí rẹ̀ sórí ààtàn.

1. IBI TÍ ÌMỌ̀ NÁÀ TI ṢẸ̀

Al-Hasan ibn al-Haytham, tí a bí ní Basra ní nǹkan bí ọdún 965, tí ó sì kú ní Kairo ní nǹkan bí ọdún 1040, kọ ìwé Kitaab al-Manaazir lórí ìmọ́lẹ̀ àti ìríran. Ó ṣàlàyé pé kì í ṣe ojú ni ó ń rán ìtànṣán jáde. Láti ara ohun tí a ń wò ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wọ inú ojú. Ó to àtùpà bíi mélòó kan sí iwájú ihò tí ó wọ inú ibi òkùnkùn. Iye àtùpà tí ó wà níta ni iye ojú ìmọ́lẹ̀ tí ó hàn lára ògiri. Bí ó bá bo ọ̀kan, ojú ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ nìkan ni yóò parẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra níhìn-ín. Àwọn kan máa ń sọ pé inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá "qumrah" ni orúkọ "kámẹ́rà" ti jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Látìnì ni, yàrá ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Ṣáínà àti Gíríìkì ti mọ̀ nípa ihò tí ń gbé àwòrán wọlé ṣáájú Ibn al-Haytham. Iyì tirẹ̀ ni pé ó dán ọ̀rọ̀ wò kí ó tó sọ ọ́. Ẹni tí òtítọ́ ti gbé ga, kò yẹ kí a tún máa fi irọ́ tì í lẹ́yìn. Ní ti àwòrán tí kò parẹ́, Nicéphore Niépce ará Faransé ni ó ya fọ́tò tí ó pẹ́ jù lọ tí ó ṣì wà títí dòní, ní 1826 tàbí 1827.

Ṣé fọ́tò wà nínú àwòrán tí ẹ̀sìn kọ̀? Àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí rẹ̀. Muhammad Bakhit al-Muti'i, tí ó jẹ́ Mùftí ilẹ̀ Íjíbítì láti 1914 sí 1920, kọ ìwé pé ó tọ́, nítorí pé òjìji ni a kàn mú dúró. Àwọn mìíràn kò gbà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, kí ó ya òkè, ilé àti ìwé àtijọ́. Ẹ̀kọ́ ìmọ́lẹ̀ kan náà ni.

2. KÁMẸ́RÀ MẸ́TA TÍ Ẹ LÈ BÁ PÀDÉ

(a) Kámẹ́rà alápòótí, bíi Kodak Brownie. Ọdún 1900 ni wọ́n kọ́kọ́ tà á, ní dọ́là 1. Kò ní wàhálà: fíìmù, ihò, bọ́tìnnì.

(b) Kámẹ́rà olójú méjì, bíi Yashica-Mat tí ó jáde ní 1957. Ojú òkè ni a fi ń wò, ojú ìsàlẹ̀ ni ó ń yà. Ẹ óò gbé e sí àyà, ẹ óò sì tẹrí ba wò ó láti òkè. Fọ́tò 12 ni fíìmù rẹ̀ ń gbà.

(d) Kámẹ́rà olójú kan, bíi Zenit tàbí Pentax K1000, èyí tí wọ́n ṣe láti 1976 sí 1997. Fọ́tò 24 tàbí 36 ni fíìmù rẹ̀ ń gbà.

Ìkìlọ̀: bí ẹ bá rí irú kámẹ́rà kẹta yìí nínú àpótí bàbá yín, ẹ má kàn ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ rọra yí kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń ká fíìmù padà. Bí ó bá ń le lọ́wọ́ yín, ó ṣeé ṣe kí fíìmù wà nínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ìṣẹ́jú àáyá kan lè ba fọ́tò tí ó ti ń sùn níbẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún jẹ́.

3. BÍ A ṢE Ń WỌN ÌMỌ́LẸ̀

Ẹ fi kẹ́tùrù àlùwàlá ṣe àpèjúwe. Bí ẹ bá ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi gbàgàdà, kò ní pẹ́ kún. Bí ẹ bá ṣí i díẹ̀, yóò pẹ́. Fíìmù ni kẹ́tùrù. Ihò inú lẹ́ǹsì ni ẹnu ẹ̀rọ. Àkókò tí ìlẹ̀kùn kámẹ́rà fi ṣí sílẹ̀ ni àkókò tí omi fi ń ṣàn. Nọ́ńbà ara fíìmù, bíi 100 tàbí 400, ń sọ bí kẹ́tùrù náà ṣe tètè ń kún: 400 tètè kún ju 100 lọ. Ẹ rántí pé bí nọ́ńbà ihò bá ṣe ń tóbi ni ihò fúnra rẹ̀ ń kéré.

Òfin tí ẹ óò há sórí nìyí, fún fíìmù 100, pẹ̀lú ìdá 1/125 ìṣẹ́jú àáyá:
— oòrùn gangan: ihò 16;
— oòrùn tí ọyẹ́ bò díẹ̀: ihò 11;
— ọjọ́ tí ìkùukùu ṣú: ihò 8;
— abẹ́ igi tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀: ihò 4.

Bí ẹni dúdú bá wọ jalàbíà funfun tàbí híjáàbù funfun, ẹ ṣí ihò sí i ní ìpele kan, nítorí ojú rẹ̀. Fíìmù máa ń fara da ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ díẹ̀ ju èyí tó kéré lọ.

4. OHUN TÍ ÀWỌN ÀGBÀ ṢE

Seydou Keïta ṣí sítúdíò rẹ̀ ní Bamako ní 1948. Nítorí owó fíìmù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń ya oníbàárà. Nítorí náà, kí ó tó tẹ bọ́tìnnì, ó ti to ọwọ́, aṣọ àti ojú sí ààyè wọn.

J. D. 'Okhai Ojeikere ra Kodak Brownie ní 1950, ó sì ṣiṣẹ́ nínú yàrá òkùnkùn ilé iṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn láti 1954. Ní 1968 ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin ilẹ̀ wa. Ọ̀pọ̀ irun tí ẹnikẹ́ni kì í dì mọ́, inú fíìmù rẹ̀ ni a ti ń rí wọn.

Ní Ìlá-Ọ̀ràngún, Stephen Sprague ará Amẹ́ríkà bá àwọn fọ́tógíráfà wa ṣiṣẹ́ ní 1975, ó sì tẹ ohun tí ó rí jáde ní 1978. Ó rí i pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, wọn a ya èyí tí ó kù, wọn a sì tẹ fọ́tò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan, kí ìyá lè rí Táíwò àti Kẹ́hìndé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ohun yòówù kí a sọ nípa àṣà náà, ẹ wo ọgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ tí ó wà nínú rẹ̀: nẹ́gẹ́tíìfù kan lè bí fọ́tò tí kò lóǹkà.

5. NẸ́GẸ́TÍÌFÙ ILÉ YÍN

Bí a bá fọ fíìmù tán, dúdú a di funfun, funfun a di dúdú. Ohun tí ó mú kí àwọn kan rò pé fíìmù tó bàjẹ́ ni nìyí, tí wọ́n sì ń fi dáná. Ṣùgbọ́n òun ni ìyá fọ́tò. S. O. Alonge, tí ó ya fọ́tò ní ààfin Ọba Benin, kú ní 1994. Nítorí pé nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ kò sọnù, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní 2014. Ajagun Adékúnlé Fájuyì tí a ń fi orúkọ rẹ̀ pe àdúgbò wa, ọjọ́ 29 oṣù keje 1966 ni wọ́n pa á. Gbogbo àwa tí a bí lẹ́yìn náà, fíìmù ni ó jẹ́ kí a mọ ojú rẹ̀. Ta ni yóò pa ojú ìyá àgbà tìrẹ mọ́?

Iṣẹ́ oṣù yìí:
(i) Ẹ lọ kí bàbá kan tí ó ṣe iṣẹ́ fọ́tò ní àdúgbò yín. Ẹ kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ẹ sì béèrè ibi tí nẹ́gẹ́tíìfù wọn wà.
(ii) Etí fíìmù ni kí ẹ dì mú, ẹ má fọwọ́ kan àárín. Ẹ kó o sínú àpòòwé pépà, kí ẹ gbé e síbi tí ó tutù tí ó sì gbẹ. Èyí tí ó bá ń rùn bíi fíníga ti ń kú lọ; òun ni kí ẹ kọ́kọ́ dá sí.
(iii) Ẹ gbé fíìmù sókè díẹ̀ sí iwájú ìmọ́lẹ̀ funfun, ẹ fi fóònù yà á, kí ẹ sì yí àwọ̀ rẹ̀ padà.
(iv) Ẹ béèrè orúkọ ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ àgbà, kí ẹ kọ ọ́ sára àpòòwé. Fọ́tò tí kò lórúkọ, àjèjì ni fún ọmọ ọ̀la.
(v) Amaanah ni fọ́tò ẹlòmíràn. Ẹ má pín in kiri láìgba àṣẹ.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Báwo ni àtùpà Ibn al-Haytham ṣe fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ kan kì í da òmíràn rú?
2. Bí fíìmù bá jẹ́ 400 nínú oòrùn gangan, tí ihò wà ní 16, ìyára wo ni ẹ óò lò?
3. Bí fọ́tò 12 péré bá kù fún yín láti fi ya ìlú yín, kí ni ẹ óò yà?

Kí Allaahu fi kún ìmọ̀ wa, kí Ó sì jẹ́ kí a lè ṣọ́ ohun tí àwọn òbí fi lé wa lọ́wọ́. Aamiin.