ÌJÌ TÍ KÒ DÚRÓ DE ÀSÌKÒ

Ka àyọkà yìí, kí o sì dáhùn àwọn ìbéèrè tí ó tẹ̀ lé e.

Bí o bá ń gbé ní Àgọ́ Palace, ní agbègbè Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, o ti mọ ohun tí òjò lè ṣe. Ní oṣù kẹfà àti oṣù keje, gọ́tà a kún, omi a sì gba ojú títì. Ìyẹn kì í ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, àsìkò òjò ni. Ṣùgbọ́n bí ìjì bá dé láàárín ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò retí rẹ̀ ńkọ́?

Èyí ṣẹlẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 2012. Oṣù ooru àti eruku ni oṣù kejì jẹ́. Ojú ọ̀run ṣàdédé ṣú, afẹ́fẹ́ líle bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, òjò sì tẹ̀ lé e. Ìjì náà ṣí páànù orí ilé, títí kan ti àwọn ilé ìwé. Ó wó igi àti òpó iná. Àwọn ènìyàn kú.

Kí ni ó ń fa irú ìjì bẹ́ẹ̀? Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn a máa mú ilẹ̀ gbóná gan-an, afẹ́fẹ́ gbígbóná a sì máa lọ sókè. Bí afẹ́fẹ́ tí ó ní omi nínú bá ti orí òkun wá, tí ó pàdé afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí ó ti aṣálẹ̀ wá, ìkùukùu dúdú lè kóra jọ. Mànàmáná a kọ, afẹ́fẹ́ tútù a sì já wá sílẹ̀ lójijì. Ṣé o ti rí bí ọ̀rá àti ewé ṣe máa ń fò kiri kí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ tó kán? Afẹ́fẹ́ náà nìyẹn.

Kì í ṣe àwa nìkan. Ní òkun Pàsífíìkì, ìjì ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní táífúùnù. Orí omi òkun tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni ó ti ń gba agbára, a sì máa yí bí òkòtó. Láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹwàá ni ó wọ́pọ̀ jù. Síbẹ̀, ní òpin oṣù kẹta ọdún 2015, èyí tí wọ́n sọ ní Maysak kọlu Chuuk àti Yap, àwọn erékùṣù ilẹ̀ Micronesia. Ó wó ilé, ó sì ba oko kókò jẹ́. Rò ó wò: ní erékùṣù kékeré, níbo ni ènìyàn yóò ti ra oúnjẹ bí oko bá bàjẹ́? Ọkọ̀ ojú omi ni wọn yóò máa retí. Ní oṣù kejì ọdún 2019, Wutip kọjá nítòsí erékùṣù Guam. Kí ó tó dé, kò sí táífúùnù oṣù kejì tí agbára rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú àkọsílẹ̀.

Má bẹ̀rù, táífúùnù kì í dé Èkó. Ìlà oòrùn ni ìjì tiwa sábà máa ń ti wá, tí yóò sì kọjá lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Kódà, òmíràn nínú ìjì òkun tí ó ń yọ Amẹ́ríkà lẹ́nu, ilẹ̀ Áfíríkà wa ni ó ti bẹ̀rẹ̀!

Bí ìjì bá bá ọ ní ilé ìwé, wọ inú kíláàsì, kí o sì jìnnà sí fèrèsé. Bí ó bá bá ọ ní ojú títì, má ṣe sá sábẹ́ igi tàbí pátákó ìpolówó ọjà. Ya sí ilé tí ó lágbára. Lẹ́yìn òjò, má fọwọ́ kan wáyà tí ó já sílẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí iná ládùúgbò, nítorí iná lè dé nígbàkigbà. Má sì ṣe rìn nínú omi tí o kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Gọ́tà tí kò ní ìdérí lè wà níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ
1. Kí ni ìjì ọdún 2012 bàjẹ́ ní Èkó?
2. Níbo ni táífúùnù ti ń gba agbára?
3. Kí ni ìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan wáyà tí ó já?
4. Bi àgbàlagbà kan ní ilé yín nípa ìjì tí ó rántí jù. Kọ ohun tí ó sọ ní gbólóhùn márùn-ún.