Orúkọ Àlejò, Ọwọ́ Onílé: Ìṣègùn Àwọn CHamoru

Ní Guam àti àwọn erékùṣù Mariana yòókù nínú òkun Pàsífíìkì, suruhånu ni àwọn CHamoru ń pe oníṣègùn ìbílẹ̀ tó jẹ́ ọkùnrin. Suruhåna ni obìnrin. Suruhåna á fọwọ́ tẹ ikùn aláìsàn, á wá ibi tó le, á fi òróró wọ́ ọ, á sì po ewé fún un mu. Àmọ́ inú èdè Sípéènì, orílẹ̀-èdè tó jọba lé Guam títí di ọdún 1898, ni orúkọ yìí ti wá. Dókítà oníṣẹ́-abẹ ló túmọ̀ sí níbẹ̀. Ẹlòmíràn lè sọ pé bí orúkọ bá ti jẹ́ ti àlejò, iṣẹ́ náà kì í ṣe ti ìbílẹ̀ mọ́. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Orúkọ ni wọ́n yá, ewé inú igbó wọn ni wọ́n ń já. Ìṣègùn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ni kì í tètè parun.

Ẹ wo àwọn pattera, ìyẹn àwọn ìyá agbẹ̀bí. Orúkọ tiwọn náà, ti Sípéènì ni. Nígbà tí ọmọ-ogun ojú omi Amẹ́ríkà ń ṣàkóso Guam, wọ́n kọ́ wọn ní ìmọ́tótó, wọ́n sì fún wọn níwèé àṣẹ. Pattera á se àlùmọ́gàjí rẹ̀ nínú omi kó tó gé ìwọ́ ọmọ. Síbẹ̀, kò dẹ́kun wíwọ́ ara ìyá ọmọ bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe é. Títí di àwọn ọdún 1960 ni wọ́n fi ń gbẹ̀bí.

Òótọ́ ni pé ewé àti èso igbó lè ṣeni léṣe, agbára wọn sì níwọ̀n. Bí àpẹẹrẹ, èso igi tí wọ́n ń pè ní fadang ní májèlé. Àfi kí wọ́n rẹ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, kí wọ́n máa pààrọ̀ omi rẹ̀, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ jẹ. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi kó ìgbóná wọ Guam ní ọdún 1856, ó pa ju ìdajì àwọn ará ibẹ̀ lọ; ewé kò rí i dá dúró. Nítorí náà, kí oníṣègùn bi aláìsàn léèrè oògùn tó ń lò láti ọsibítù, kí aláìsàn má sì fi àgbo tó mu pamọ́ fún dókítà. Ẹnu aláìsàn ni ìmọ̀ méjèèjì yóò ti pàdé.