Ẹ̀rọ Tí Ó Ń Ṣe Ọnà sí Ara Aṣọ

Gbogbo wa ni a ti rí agbádá tí a ṣe ọnà sí ọrùn rẹ̀. Télọ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ darí aṣọ láti ṣe é. Ẹ̀rọ oníkọ̀ǹpútà náà lè ṣe é. Ẹ jẹ́ kí àwa ará Tápà wo bí ẹ̀rọ yìí ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo télọ̀ tí ó ń lo ẹ̀rọ ìránṣọ lásán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ ń lọ sókè, ó ń wá sísàlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń ti aṣọ síwájú, sẹ́yìn, sí ọ̀tún, sí òsì. Ojú rẹ̀ ń wo ilà tí ó fi ṣọ́ọ̀kì fà. Kí ni ó mú kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bá ara wọn mu? Ọpọlọ rẹ̀ ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ oníkọ̀ǹpútà rí. Ó ní mótọ̀ mẹ́ta pàtàkì. Kì í ṣe mọ́tò tí à ń wọ̀ lọ sí Ìbàdàn o! Ẹ̀rọ kékeré tí iná mànàmáná ń yí ni. Èkínní ń gbé abẹ́rẹ́. Èkejì ń fa férémù tí ó di aṣọ mú sí ọ̀tún àti sí òsì. Ẹ̀kẹta ń fà á síwájú àti sẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà kékeré inú ẹ̀rọ ni ọpọlọ wọn. Ó dà bí ìyáàlù láàárín àwọn onílù: òun ni ó ń pàṣẹ, àwọn yòókù ń tẹ̀ lé e.

Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà ń kà: "Sún férémù sí ọ̀tún ní mìlímítà 3, sún un síwájú ní mìlímítà 2, kí o sì gún." Abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú aṣọ kí férémù tó sún. Férémù sì gbọ́dọ̀ dúró kí abẹ́rẹ́ tó wọlé. Bí abẹ́rẹ́ bá ń gún aṣọ ní ìgbà 600 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 10 nìyẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kan! Bí àkókò bá yẹ̀, abẹ́rẹ́ lè kán, aṣọ lè ya.

Báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe mọ ibi tí férémù wà? Kò rí i. Ṣe ni ó ń kà. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, mótọ̀ tí ń fa férémù ń yí ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀, bí ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ wọn oko: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ìṣísẹ̀ 200 ni ọ̀pọ̀ irú mótọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ń yí po lẹ́ẹ̀kan. Bí kọ̀ǹpútà bá pàṣẹ ìṣísẹ̀ 50, ó gbà pé 50 ni mótọ̀ rìn. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá di férémù mú, tàbí tí aṣọ há, mótọ̀ lè rin 40 péré. Kọ̀ǹpútà kò ní mọ̀. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo ọnà á yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Agbádá ọkọ ìyàwó bàjẹ́ nìyẹn, télọ̀ á sì san owó aṣọ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi nǹkan mẹ́ta sọ́kàn:

1. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, kí férémù kọ́kọ́ rìn yí etí ọnà náà ká láì rán nǹkan kan. Nígbà náà ni a ó mọ̀ pé abẹ́rẹ́ kò ní gún férémù.

2. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, ẹ má fọwọ́ kan férémù. Bí òwú bá já, ẹ dá ẹ̀rọ dúró ná.

3. Bí iná bá lọ, ẹ má tú aṣọ kúrò nínú férémù. Bí iná bá dé, ẹ rí i pé abẹ́rẹ́ wà ní ojú ibi tí ó ti dúró kí ẹ tó máa bá iṣẹ́ lọ.

Ẹ̀rọ yára ju ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n kò mọ̀ bí ọnà bá wọ́. Ojú wa ni yóò máa ṣọ́ ọ.

Ìbéèrè

1. Iṣẹ́ wo ni mótọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe?

2. Kí ni ó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà bí télọ̀ bá ń lo ẹ̀rọ lásán?

3. Kí ni ó dé tí a kò gbọ́dọ̀ di férémù mú?