Àpótí Ìmọ̀: Ẹja Tó Ń Ṣọ́ Ọmọ Rẹ̀
Agbègbè odò Amasọ́nì ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni angelfish ti wá, ṣùgbọ́n ìbátan epìyà tiwa ni. Abo epìyà tí à ń sìn nínú adágún máa ń kó ẹyin rẹ̀ sẹ́nu títí yóò fi pa. Angelfish ní tirẹ̀ ń lẹ ẹyin mọ́ ewé tàbí ògiri àpótí gíláàsì. Takọtabo a sì máa fi lẹbẹ fẹ́ omi sí i.

Bí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó 28°C, ẹyin á pa láàárín ọjọ́ 2 sí 3. Nígbà tí àwọn ọmọ bá ń lúwẹ̀ẹ́ fúnra wọn, ní nǹkan bí ọjọ́ 5 lẹ́yìn náà, ọmọ edé tín-tìn-tín ni oúnjẹ wọn. Lásìkò ọyẹ́ ní àríwá Èkìtì, má ṣe jẹ́ kí omi wọn tutù lóru.