Ẹni Tó Bá Dákẹ́, Tara Rẹ̀ Á Bá A Dákẹ́

Òwe méjì ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà, àwọn méjèèjì kò sì fìgbà kan bára wọn rẹ́ nínú mi. Èkíní ní, kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú bá rí ni ẹnu ń sọ. Èkejì ní, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Fún ọdún 35 tí mo fi ṣiṣẹ́ olùkọ́, èkíní ni mo dì mú, ó sì gbè mí, nítorí olùkọ́ tí kò lè pa àṣírí mọ́ kì í níyì lójú òbí. Àfi ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì tí òwe tó gbè mí lẹ́nu iṣẹ́ fẹ́ pa mí sínú ilé.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Dókítà wọ̀n ọ́n, ó bá a ní 170 lórí 100. Ó ṣàlàyé fún mi pé tó bá ti ń dé 140 lórí 90 léraléra, kì í ṣe ohun à ń fojú fò mọ́. Mo gba oògùn, mo kì í bọ ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ mi. N kò sọ fún ìyá àwọn ọmọ mi, n kò sì sọ fún ọmọ kankan. Èrò mi ni pé baálé tí ara rẹ̀ kò bá dá ṣáṣá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tà mọ́ láàárín ilé. Nígbà tó di oṣù kẹta, ara mi yá, orí kò fọ́ mi, mo bá pa oògùn tì. Ibẹ̀ gan-an ni àìsàn yìí ti ń múni: kì í roni lára, bẹ́ẹ̀ ló ń ba ọkàn, ọpọlọ àti kíndìnrín jẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣubú ní balùwẹ̀, apá òsì mi kò gbé. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, wọ́n bi ìyàwó mi pé oògùn wo ni mò ń lò. Kò rí nǹkan kan sọ. Obìnrin tí a ti jọ ń gbé láti ìgbà èwe wa dúró níbẹ̀ bí àlejò mi. Ojú tó fi wò mí lọ́jọ́ náà dùn mí ju apá lọ.

Ọlọ́run ṣàánú, apá náà ti ń ṣiṣẹ́ padà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ orúkọ oògùn yín sínú ìwé, kí ẹ fi síbi tí gbogbo ará ilé ti lè rí i. Bí ẹ bá ń mu àgbo, ẹ sọ ọ́ fún dókítà, kódà bó bá máa bínú. Kí ẹ má sì jẹ́ kí ojú tì yín láti ní kí wọ́n dín iyọ̀ ọbẹ̀ yín kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn bíi ṣíbí ìpo-tíì kan. Iyọ̀ inú mágí wà nínú rẹ̀ o.

Ní ti ìgbàgbọ́, àdúrà ni mo fi ń jí, òun náà ni mo fi ń sùn. Ṣùgbọ́n mo ti rí àgbàlagbà tó gbààwẹ̀ ọlọ́jọ́ 21 láìfi oògùn kan ẹnu, tí kò sì sọ fún àlùfáà rẹ̀ pé òun ní àtọ̀gbẹ. Nínú ìwé Jákọ́bù tí a fi ń tọrọ òróró, aláìsàn ló kọ́kọ́ ránṣẹ́ pe àwọn àgbà ìjọ. Ó ti lanu kí wọ́n tó ta òróró sí i lára. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ Àlájì sì fi hàn mí pé Kùránì gba aláìsàn láyè láti san ààwẹ̀ rẹ̀ padà lọ́jọ́ mìíràn, pé ẹni tí kò bá lágbára rẹ̀ mọ́ lè máa bọ́ tálákà kan dípò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ ìlú kò yàtọ̀. Mo wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n ní kí wọ́n na ọwọ́ gba orí kọjá, kí wọ́n fi kan etí, kí wọ́n tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 1955. Bàbá mi kì bá tí rí owó ilé-ìwé san. Ẹni tó jẹ irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó máa fi ìrẹsì olóṣèlú pa ẹnu dé. Ní ọdún 2011, ìjọba Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aláìní tó ti pé ẹni ọdún 65 ní 5,000 náírà lóṣooṣù, a sì rí i pé ó ṣeé ṣe. Ó yẹ ká máa bi gbogbo ẹni tó bá wá tọrọ ìbò wa nípa rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí àgbà náà kò sì yẹ kó wọ́ lójú ara rẹ̀.

Síbẹ̀, inú ilé ló le jù. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n báwo lọmọ ṣe máa mọ̀ pé ebi ń pa òkété tó ń sọ lójoojúmọ́ pé òun yó? Àkọ́bí mi wà ní Kánádà. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló ń pè. Yóò ní, “Bàbá, ṣé àlàáfíà ni?” Èmi á ní, “Àlàáfíà ni, ṣé ẹ̀yin náà wà dáadáa?” Òun á ní, “A dúpẹ́, sà.” Ọdún mẹ́fà la fi sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ṣubú, mo ní kí wọ́n má sọ fún un.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo mú ìwé pélébé kan, mo kọ ohun tí mo fẹ́ sọ síbẹ̀ kí n má baà yẹsẹ̀. Bó ṣe béèrè àlàáfíà mi, mo kà á fún un: ọjọ́ tí mo ṣubú, oògùn tí mò ń lò, ibi tí ìwé ilẹ̀ wà, àti pé àárò rẹ̀ ń sọ mí gan-an. Ó dákẹ́ títí, mo rò pé fóònù ti já. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń gbọ̀n.

“Bàbá mi, èmi náà ní ohun kan tí mo ti ń fi pa mọ́ fún yín.”