Ọba Tí Ó Di Gómìnà: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ayé Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí

Láti Òkè-Ogbo títí dé Ẹnuwá níwájú ààfin, orúkọ Ọba Sir Adésọjí Adérẹ̀mí kò ṣàjèjì sí tọmọdé tàgbà Ilé-Ifẹ̀. Ọba ni, olóṣèlú sì ni pẹ̀lú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ ìdílé ọlọ́lá ti ń ṣe òṣèlú, pàápàá nínú ẹgbẹ́ Kọnsáfétífù. Ó dára kí a fi ti ilé wa wé ti ọ̀dọ̀ wọn, nítorí pé ìbéèrè kan náà ni ó dojú kọ ìhà méjèèjì: ọ̀nà wo ni a fi ń mọ ẹni tí ó tọ́ kí ó ṣe olórí ìjọba?

Ọjọ́ 15 oṣù Nofẹ́ńbà ọdún 1889 ni a bí Adérẹ̀mí. Ó kàwé, ó ṣiṣẹ́ ní rélùwéè, ó sì fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ ní 1921 láti máa ṣòwò. Ní 1930 ó gorí ìtẹ́, òun sì ni Ọọ̀ni àkọ́kọ́ tí ó mọ̀wé. Ní 1932 ó dá Odùduwà College sílẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Ifẹ̀. Lẹ́yìn 1951 ó di mínísítà ní ìjọba àpapọ̀ ní Èkó, lẹ́yìn náà ó sì di ààrẹ Ilé Ìgbìmọ̀ àwọn Lọ́balọ́ba ní Ìbàdàn.

Ní oṣù Júláì 1960, ó di Gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di gómìnà ẹkùn. Kò fi ìtẹ́ sílẹ̀ nítorí èyí. Gómìnà ìgbà náà kì í pàṣẹ ìjọba fúnra rẹ̀. Aṣojú Ọbabìnrin ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀: òun ni ó ń yan Olórí Ìjọba láàrin àwọn aṣòfin. Òfin sì sọ pé kò gbọdọ̀ yọ ọ́, àfi bí ó bá hàn sí Gómìnà pé ọ̀pọ̀ àwọn aṣòfin kò sí lẹ́yìn rẹ̀ mọ́.

Ní 1962, ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Action Group, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, láàrin Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Olóyè S. L. Akíntọ́lá, tí í ṣe Olórí Ìjọba. Ní oṣù Méè, ìwé kan dé ọwọ́ Gómìnà. Aṣòfin 66 nínú 124 ni ó fọwọ́ sí i pé àwọn kò tẹ̀ lé Akíntọ́lá mọ́. Gómìnà yọ ọ́ ní ọjọ́ 21, ó sì fi Alhájì D. S. Adégbẹnró rọ́pò rẹ̀. Akíntọ́lá kọ̀ jálẹ̀: ó ní inú Ilé Ìgbìmọ̀ nìkan ni a ti lè ka ìbò irú èyí. Nígbà tí Ilé jókòó ní ọjọ́ 25, ìjà bẹ́, àga ń fò sókè, ọlọ́pàá sì fi èéfín atanilójú tú gbogbo wọn ká. Ní ọjọ́ 29, ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì.

Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Èkó dá Akíntọ́lá láre. Ṣùgbọ́n ní oṣù Méè 1963, Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Ọbabìnrin ní Lọ́ńdọ̀nù sọ pé ohun tí Gómìnà ṣe bá òfin mu. Akíntọ́lá, tí ó ti padà sórí oyè, kò kúrò: Ilé Ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn yí òfin padà, wọ́n sì mú kí agbára rẹ̀ padà sẹ́yìn dé 1960. Nígbà náà, Adérẹ̀mí kò sí nípò Gómìnà mọ́.

Ní ọdún 1963 kan náà, ọ̀rọ̀ tí ó jọ èyí ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àìsàn mú kí Harold Macmillan fi ipò Olórí Ìjọba sílẹ̀ ní oṣù Òkìtóbà. Ọlọ́lá ìdílé àtijọ́ kan, Lord Home, ni ó dámọ̀ràn fún Ọbabìnrin, lẹ́yìn ìwádìí abẹ́lẹ̀ láàrin àwọn ará ẹgbẹ́ Kọnsáfétífù. A kò dìbò. Home fi oyè ìdílé rẹ̀ sílẹ̀, ó sì lọ díje ní Scotland kí ó lè wọ Ilé Aṣòfin. Síbẹ̀, Iain Macleod àti Enoch Powell kọ̀ láti bá a ṣiṣẹ́. Ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù ìbò ní 1964. Ní 1965, wọ́n ṣe ìlànà tuntun pé ìbò ni a ó máa fi yan aṣáájú.

Ẹ wo ìyàtọ̀ náà. Níbẹ̀, wọ́n tún ìlànà ṣe fún ọjọ́ iwájú. Níhìn-ín, a yí òfin padà láti sọ ìdájọ́ àná di asán. Àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ojú rí kì í di àríyànjiyàn. Ìwé Gómìnà bá òfin mu, ṣùgbọ́n bí a bá ti ka orí àwọn aṣòfin ní gbangba, bóyá àríyànjiyàn ìbá dínkù. Ọba Adérẹ̀mí padà sí ààfin, ó ń bá iṣẹ́ ìlú lọ títí ó fi wàjà ní 1980.

Ìbéèrè fún ìjíròrò: (1) Kí ni iṣẹ́ Gómìnà ní 1962? (2) Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ọba aládé di ipò òṣèlú mú? (3) Èwo ni ó dára jù, ìwé tí a fọwọ́ sí ni tàbí ìbò gbangba?