Ó Jáwọ́ Nínú Sìgá, Oògùn Bá Pọ̀ Jù Lára Rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n kan wà ládùúgbò wa ní Ilé-Ifẹ̀ tó ń lo oògùn olanzapine fún àìsàn ọpọlọ. Ara rẹ̀ ti balẹ̀ dáadáa, sìgá nìkan la ń bá a jà sí. Lẹ́yìn ìsọjí kan, ó ní òun ò mu ún mọ́, kò sì mu ún mọ́ lóòótọ́. Inú gbogbo wa ń dùn. Àmọ́ kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, ẹ̀gbọ́n ti ń sùn láti àárọ̀ dalẹ́. Tó bá dìde, òòyì á máa kọ́ ọ. Àwọn kan ní ayé ló ń bá a jà. Àwọn kan ní kó da oògùn yẹn nù. Èmi tí mo ń kàwé nípa ẹ̀dọ̀ fún másítà mi ní OAU gan-an ò tètè rí i pé ẹ̀dọ̀ lọ̀rọ̀ náà wà.

Oògùn tá a bá gbé mì kì í wà lára títí láé. Ẹ̀jẹ̀ á gbé e dé ẹ̀dọ̀, níbi tí àwọn ẹ́ńsáìmù ti máa yí i padà kó lè rọrùn fún ara láti tì í jáde. Ẹ fi wọ́n wé àwọn ìyá tó ń bó ẹ̀gẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe gààrí. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ CYP1A2. Ó wà lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí olanzapine, clozapine, àti caffeine inú kọfí àti obì.

Tí tábà bá ń jó, àwọn kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní polycyclic aromatic hydrocarbons máa ń wà nínú èéfín rẹ̀. Tí wọ́n bá dé inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀, wọ́n á lẹ̀ mọ́ purotéènì kan. Purotéènì yẹn á wọlé lọ bá DNA, á ní kí wọ́n ṣe CYP1A2 sí i. Ẹ̀gẹ́ ò pọ̀ sí i o, ọwọ́ tó ń bó o ló pọ̀ sí i. Kíá, ó ti tán.

Ẹ wo caffeine. Lára ẹni tí kì í mu sìgá, ìdajì rẹ̀ máa ń kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ láàárín nǹkan bíi wákàtí 5. Lára ẹni tó ń mu sìgá, nǹkan bíi wákàtí 3 ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi obì kàwé mọ́jú, obì kan náà lè jẹ́ kẹ́ ẹ lajú sílẹ̀ di ìdájí, kí oorun sì ti máa kun ọ̀rẹ́ yín tó ń mu sìgá.

Kì í ṣe nicotine ló ń fà á, èéfín ni. Ìdí nìyẹn tí aṣáà màmá àgbà kì í fi ṣe irú iṣẹ́ yìí nínú ẹ̀dọ̀, bó tilẹ̀ ní ewu tirẹ̀. Àmọ́ èéfín igbó ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wa. Ìgbà tó ń mu sìgá ni wọ́n wọn oògùn tó tó o. Nígbà tó jáwọ́, láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, CYP1A2 tó lé ti lọ sílẹ̀. Oògùn ò dín, àwọn tó ń bó o ló dín. Ó bá ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Ti clozapine tún le jù, torí tó bá pọ̀ jù, ó lè fa gìrì.

Òdìkejì rẹ̀ náà léwu. Ẹni tí wọ́n wọn oògùn fún nílé ìwòsàn níbi tí ò ti ráyè mu sìgá, tó bá délé tó tún bẹ̀rẹ̀, oògùn á máa tètè tán lára rẹ̀, àìsàn sì lè padà. Àwọn ará ilé á wá ní oògùn òyìnbó ò ṣiṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n padà lọ rí dókítà, ó sì sọ fún un pé òun ti fi sìgá sílẹ̀. Wọ́n dín oògùn rẹ̀ kù, ojú rẹ̀ bá là.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má jáwọ́ nínú sìgá o. Kó jáwọ́! Ṣùgbọ́n kó sọ fún dókítà tàbí apòògùn rẹ̀ ṣáájú. Kó má ṣe fúnra rẹ̀ dín oògùn kù, kó má sì dá a dúró. Kó rọra dín kọfí àti obì kù náà, torí caffeine á máa pẹ́ lára rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tí oorun ò bá wá, tí àyà ń lù kìkì, ó lè jẹ́ obì ló fà á, kó má lọ tìtorí ẹ̀ padà sídìí sìgá.